Ọkọ̀ Kò Lè Gun Òkè Wá Bá Wa

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jó irin lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹni tí kò bá wọ dọ́ọ̀kì gbígbẹ rí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Kòtò ńlá ni. Kọnkéré ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí omi. Ọkọ̀ á wọlé, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ̀rọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkọ̀ á máa sọ̀kalẹ̀ títí ìdí rẹ̀ á fi jókòó lórí àwọn ìtì igi tí a ti tò dè é. A ti fi okùn wọn ìtì yẹn tẹ́lẹ̀, a sì ti tún un wọ̀n, torí bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọkọ̀ lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Lẹ́yìn náà làwa á sọ̀kalẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ omi láàárọ̀ á wá di òrùlé lórí wa, omi iyọ̀ á sì máa kán sí wa lọ́rùn. Àwọn kan á máa ha ìkarahun àti ewé omi tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Àwọn kan á máa pààrọ̀ síǹkì tí a ń so mọ́ ara ọkọ̀ kí iyọ̀ lè jẹ ìyẹn dípò kó jẹ irin ọkọ̀. Èmi á máa wá ibi tí irin ti fẹ́lẹ́, màá gé e kúrò, màá jó tuntun sí i.

Lóṣù tó kọjá, mo jókòó sínú gbọ̀ngàn kan níbi ìpàdé ìlú lórí ohun tí wọ́n fẹ́ fi etídò wa ṣe, mo ń wo àwòrán dọ́ọ̀kì wa lára ògiri, kò sì sí dọ́ọ̀kì kankan nínú àwòrán náà.

Wọ́n ti da koríko bò ó. Wọ́n ya igi sí i, wọ́n ya àga sí i, ọmọdé kan ń gun kẹ̀kẹ́ níbi tí ìtì igi wa máa ń wà. Lẹ́yìn ọmọ náà ni ilé alájà púpọ̀ mẹ́rin wà tí wọ́n kọjú gíláàsì sí omi. Wọ́n fi kíréènì wa kan sílẹ̀. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ọsàn, wọ́n sì to iná wẹ́wẹ́ sí i lára fún ọ̀ṣọ́. Ọkùnrin tó ń ṣàlàyé sọ pé etídò jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ó ti tó àkókò kí ìlú gba omi rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọwọ́ wa ni wọ́n fẹ́ ti gbà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èèyàn ìlú làwa náà.

Ìyá ọlọ́mọ kan dìde. Ó ní ariwo òòlù wa ń jí ọmọ òun lóru, eruku wa sì ń bà lé aṣọ tí òun bá sá. Òótọ́ ló sọ. Mo mọ ariwo yẹn, etí mi ọ̀tún kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ nítorí rẹ̀. N kò dìde láti ta ko ìyá náà, n kò sì ní ta kò ó níbí. Àwòrán yẹn ni mo fẹ́ ta kò.

Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa ká kọ èrò wa sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ: iṣẹ́ wo ni kò ṣeé ṣe rárá bí kò bá sí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ilé ṣeé kọ́ sórí òkè, ó ṣeé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà reluwé, ó ṣeé kọ́ sí ààrin ìlú. Ọ́fíìsì náà bẹ́ẹ̀. Ilé ìtajà náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lè gun òkè wá bá wa.

Ẹ wo ilé gíláàsì mẹ́rin yẹn fúnra wọn. Kí ni wọ́n máa fi kọ́ wọn? Yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, símẹ́ǹtì, irin. Bí bájì kan, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń kó ẹrù lójú omi, bá kó 1,500 tọ́ọ̀nù òkúta wá, tí a bá ní ká kó ẹrù yẹn sínú tírélà tó ń gbé 25 tọ́ọ̀nù, tírélà 60 ló máa gbà á. Ọgọ́ta tírélà la yọ kúrò lójú títì pẹ̀lú bájì kan tí kò pariwo. Kọnkéré tútù kì í sì í dúró deni. Bí wọ́n bá ti pò ó tán, nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n ní láti fi dà á síbi tó ń lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ tó ń po kọnkéré fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bí a bá lé e kúrò létí omi, ó máa lọ sẹ́yìn ìlú, ọgọ́ta tírélà á máa gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ kọjá láti gbé òkúta lọ bá a, ọkọ̀ apokọnkéré á tún gba ọ̀nà kan náà padà wọ̀lú. Eruku tí ìyá yẹn ń sá fún kò kúrò nílùú. Ó kàn ṣí lọ sọ́dọ̀ ìyá mìíràn ni.

Lọ́ńdọ́nù rí èyí, wọ́n sì ṣe nǹkan sí i. Láti ọdún 1997 ni àṣẹ ìjọba ti wà tó ń dáàbò bo àwọn èbúté ẹrù kéékèèké lẹ́bàá odò Thames. Ẹni tó ni ilẹ̀ kò lè dédé sọ ọ́ di ilé gbígbé níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ bá ṣì ṣeé lò fún ẹrù. Nígbà tí wọ́n wá ń gbẹ́ ọ̀nà omi ìdọ̀tí tó gùn tó kìlómítà 25 gba abẹ́ ìlú náà, ojú omi ni wọ́n gba kó púpọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jáde. Ká ní wọ́n ti ta gbogbo etídò tán, níbo ni bájì yẹn ìbá dúró sí?

Ilé-iṣẹ́ ṣúgà méjì tún wà tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Domino ni orúkọ méjèèjì. Ọ̀kan wà ní Brooklyn ní New York, ìkejì wà ní Baltimore. Etí omi ni wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì sí, torí ọkọ̀ ló ń kó ṣúgà tí wọn ò tíì fọ̀ wá. Ti Brooklyn dáwọ́ ṣúgà fífọ̀ dúró ní 2004. Lọ́dún 2005, ìlú New York yí òfin ilẹ̀ etídò Greenpoint àti Williamsburg padà, ilé gíga sì hù níbẹ̀ bí olú. Lónìí ọgbà ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ṣí ní 2018 wà níwájú ilé-iṣẹ́ àtijọ́ yẹn, wọ́n sì to kíréènì àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ kí èèyàn lè máa wò wọ́n. Lọ́dún 2004 kan náà, ìlú Baltimore ṣòfin pé àwọn apá kan létí omi wọn, níbi tí omi ti jìn tó fún ọkọ̀ ńlá, iṣẹ́ ọkọ̀ àti ẹrù ló wà fún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé gbígbé tàbí òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà ti Baltimore, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1922, ṣì ń fọ ṣúgà. N kò sọ pé òfin yẹn nìkan ló gbé e ró. Ohun tí mò ń sọ ni pé ní ìlú kan, kíréènì ń gbé ẹrù. Ní ìkejì, ó dúró bí ère.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ gbọ́. Kì í ṣe àwọn tó ń kọ́lé ló lé gbogbo iṣẹ́ kúrò létí omi. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ideal X gbéra láti Newark lọ sí Houston pẹ̀lú kọ̀ǹténà 58. Malcolm McLean tó ni ọkọ̀ náà, oníṣòwò tírélà ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kọ̀ǹténà nílò ilẹ̀ títẹ́jú rẹrẹ tí a lè tò ó jọ sí, ó nílò omi jíjìn, ó nílò ọ̀nà tírélà àti ti reluwé. Èbúté àárín ìlú, tí ilé ìkẹ́rùsí rọ̀gbà yí ká, kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Dọ́ọ̀kì East India ní Lọ́ńdọ́nù tì ní 1967, àwọn dọ́ọ̀kì Royal tó kẹ́yìn tì ní 1981, ẹrù sì ti ṣí lọ sí Tilbury nísàlẹ̀ odò. Ẹni tó bá ní ká dá àwọn yẹn padà, àlá ló ń lá. Hamburg ní Jámánì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n sọ ilẹ̀ èbúté tó tó 157 hẹ́kítà di àdúgbò tuntun, HafenCity, ṣùgbọ́n èbúté ńlá náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì odò Elbe, tọ̀sán tòru.

Nítorí náà n kò bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo èbúté. Mò ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí kọ̀ǹténà kò lé: àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, àwọn ọkọ̀ táàgì tó ń fa ọkọ̀ ńlá, àwọn ọkọ̀ èrò, àwọn tó ń kó yanrìn, àwọn tó ń kó àlòkù irin. Owó ilẹ̀ ló ń lé àwọn yìí, ó sì ní bó ṣe ń lé wọn tí ẹni tó bá wà níta kì í rí.

Báyìí ló ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́ pé ìlú lè yí òfin padà. Láti ìgbà náà, kò gbà kí á fọwọ́ sí ìwé tí a fi ń háyà ilẹ̀ tó kọjá ọdún méjì mọ́. Mo bi ọ̀gá mi léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ṣé a ò ní pààrọ̀ okùn irin kíréènì yìí ni? Ẹ wò ó, ó ti ń tú." Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló máa yá mi lówó ọdún mẹ́wàá lórí ilẹ̀ ọdún méjì?" A dá kíréènì náà dúró, torí ẹ̀mí èèyàn ṣe pàtàkì ju iṣẹ́ lọ. Kíréènì tó bá dúró á dípẹtà. Oníbàárà tó rí ìpẹtà á gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Bí oníbàárà bá dínkù, a ó dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí ìlú háyà wá yẹ ibẹ̀ wò. Wọ́n ya fọ́tò kíréènì tó dípẹtà, wọ́n ka iye òṣìṣẹ́ tó kù, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń kú fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ ọdún méjì nínú rẹ̀ rárá.

Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù ju lọ ni pé ohun tó bá ti lọ kì í padà. Ilé tó wó, a lè tún un kọ́. Dọ́ọ̀kì tí wọ́n bá kún pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, ta ló máa tún un gbẹ́, nígbà tí ilé gbígbé ti yí i ká? Dọ́ọ̀kì gbígbẹ kan wà ní Red Hook ní Brooklyn tó ti wà láti 1866, ó gùn ju 200 mítà lọ. Wọ́n kún un, wọ́n da ọ̀dà lé e, ó di ibi tí àwọn oníbàárà ilé ìtajà àga tó ṣí níbẹ̀ ní 2008 ń gbé mọ́tò sí. Kò sí mọ́tò tí kò lè dúró síbòmíràn. Ọkọ̀ tó ń lo kòtò yẹn kò rí ibòmíràn bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́.

Malmö ní Sweden tún ṣe mí láàánú. Kíréènì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Kockums ga tó mítà 138, ibi gbogbo nílùú ni wọ́n ti ń rí i. Nígbà tí iṣẹ́ tán, ilé-iṣẹ́ Hyundai rà á ní dọ́là kan péré, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Ulsan ní Kòríà ní 2002. Wọ́n ní àwọn ará ìlú sunkún bó ṣe ń lọ. Ní Ulsan, Omijé Malmö ni wọ́n ń pè é. Ó ṣì ń gbé irin ọkọ̀ níbẹ̀. Adúgbò tuntun tí wọ́n kọ́ sí ibi tó ti kúrò rẹwà, èmi gan-an kò lè sọ pé kò rẹwà. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ń rí lára wẹ́dà tó ń wo ohun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe bó ṣe ń bá omi lọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ tí kò rọrùn. Àgbà kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ammonium nitrate, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, tó tó 2,750 tọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sínú ilé ìkẹ́rùsí bú gbàmù ní èbúté Beirut ní Lẹ́bánónì, láàárín ìlú. Èèyàn tó lé ní 200 kú. Ẹni tó bá ń gbèjà iṣẹ́ létí omi, tí kò sì dárúkọ Beirut, kò tíì sọ òótọ́. Ohun tó lè bú, ohun tó lè sọ afẹ́fẹ́ di májèlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí èèyàn ń sùn, bó ti wù kí owó tó ń mú wọlé pọ̀ tó. Ìdọ̀tí tó ń pani díẹ̀díẹ̀ náà wà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi Gowanus ní Brooklyn kún fún ọ̀dà àti májèlé ọgọ́rùn-ún ọdún débi pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2010 mọ́ àwọn ibi tó burú jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀. Iṣẹ́ bíi tiwa wà lára ohun tó fà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbà yẹn tú ọ̀dà sómi.

Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí wọn ò lówó láti kó lọ, ẹ̀dọ̀fóró wọn ló ń san gbèsè yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ gbogbo òfin tó bá le mọ́ wa. Láti ọdún 2020, òfin àgbáyé ti dín imí ọjọ́ inú epo ọkọ̀ ojú omi kù láti ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 0.5. Ó dára. Kí wọ́n fa iná mànàmáná dé èbúté kí ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ lè pa ẹ̀ńjìnnì rẹ̀. Ó dára. Kí wọ́n fi tápólì bo ọkọ̀ tí a bá ń ha ọ̀dà ara rẹ̀, kí nǹkan kan má fẹ́ jáde. A ti ń ṣe ìyẹn, a sì lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi òfin dè wá. Ẹ má fi koríko bò wá.

Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti rí bí àwọn méjèèjì ṣe lè jọ gbé. Ní Granville Island ní Vancouver ní Kánádà, ilé-iṣẹ́ kọnkéré wà láàárín ọjà àti ilé àwọn ayàwòrán, ọkọ̀ apokọnkéré ń kọjá níwájú àwọn tó wá gbafẹ́. Ní HafenCity, wọ́n ṣe fèrèsé kan tí èèyàn lè ṣí díẹ̀ kó sì sùn láìgbọ́ ariwo èbúté òdìkejì. Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kedere ní 2018 pé ẹni tó bá wá kọ́lé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló máa wá nǹkan ṣe sí ariwo náà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Kò ní kí ilé má wà. Ó kàn ní kí ẹni tó bá bá wa níbẹ̀ má sọ pé àwa la wá bá òun.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ọ̀rọ̀ ajé. Ìgbà wo ni ẹni tí kò wọ ọkọ̀ rí máa nílò yín?" Mo sọ fún un nípa ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Nígbà tí ilé gogoro méjèèjì ti World Trade Center wó ní New York, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tì, afárá tì, àìmọye èèyàn sì há sí ìsàlẹ̀ Manhattan, omi ló wà níwájú wọn, èéfín ló wà lẹ́yìn wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ké sí gbogbo ọkọ̀ tó bá wà nítòsí. Ọkọ̀ táàgì wá, ọkọ̀ èrò wá, ọkọ̀ apẹja wá. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án, wọ́n kó tó ìdajì mílíọ̀nù èèyàn kúrò. Kò sẹ́ni tó lè pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kó dé lákòókò. Ìdí tí wọ́n fi tètè dé ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Àbúrò mi kò fèsì. Èmi náà kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ yẹn bá mi ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí ìpàdé tú ká. Mo kí i, mo tọrọ àforíjì nítorí ọmọ rẹ̀, mo sì ní bí àyè bá wà, kí ó wá wo ohun tí à ń ṣe. N kò rò pé ó máa wá. Ó wá ní ọjọ́ Sátidé, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn. Mo fún un ní akoto, mo mú un dé ibi irin ìdènà tó wà létí dọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ èrò kan wà nísàlẹ̀ lórí ìtì igi, a ti ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan mọ́, abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ ga ju èèyàn lọ. Ó dákẹ́, ó ń wò ó. Ó wá rí nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nìyí o."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀.

"Bí wọ́n bá kó yín kúrò, níbo ni wọ́n á ti máa tún un ṣe?"

Mo sọ fún un pé dọ́ọ̀kì tó sún mọ́ wa jù tó lè gbà á, ọkọ̀ táàgì á fà á fún ọjọ́ méjì kó tó débẹ̀, á tún fà á fún ọjọ́ méjì padà. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín òòlù alẹ́ yẹn kù."

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, a ti ń gbé òòlù sílẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́.